Àwọn Ọ̀nà Ìdí-Odi àti Àpáta Tó Di Ọwọ́ Mi Mú

Ẹ má tíì gbéra. Ẹni tó bá ti so okùn bàtà rẹ̀, kó tún jókòó sórí òkúta yẹn, oòrùn ò tíì mú. Ẹ̀yin àlejò tí ẹ wá rin ọ̀nà ìlú Ìdí-Odi, ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, ọdẹ tó fi ìbọn kan ṣoṣo lé ẹfọ̀n jáde nínú igbó wa, tí ẹfọ̀n náà kò sì padà wá títí di òní. Wọ́n ní kí n júwe ọ̀nà fún yín. Màá júwe rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn ló máa ṣáájú, nítorí ọ̀nà wa kì í gba ẹni tí kò gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Ẹ má wo ọ̀hún. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni kí ẹ kọjú sí. Ọkùnrin tó dé fìlà pupa tó jókòó sábẹ́ igi àràbà yẹn, tí àwọn àlejò yí ká, Láníyọnu ni. Òun náà ń sọ ìtàn. Kí ló dé tí àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fi pọ̀ ju ẹ̀yin lọ? Wọn ò mọ̀ ni. Ohùn mi ròkè ju tirẹ̀, ìbọn mi gùn ju tirẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò sì fìgbà kan tiro. Ẹ máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi. Kò wù mí kí ẹ gbọ́ ọ, àmọ́ ìtàn náà ò lè rìn láìsí i, ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Ẹ wo ògiri amọ̀ tó wó lẹ́yìn mi yìí. Odi ìlú ni. Àwọn baba ńlá wa ló mọ ọ́n, tí wọ́n gbẹ́ yàrà yí i ká nígbà ogun. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó mọ odi rárá, orí òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀ sí, lórí àpáta kan tí à ń pè ní Àpáta Ìsinmi. Àpáta yẹn ń sọ̀rọ̀. Má rẹ́rìn-ín, ìwọ tí o gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn. Gbogbo ọmọ Ìdí-Odi gbọ́dọ̀ débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀, kó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e, àpáta á sì bi í pé, “Ta ló mú ọ wá?” Bó bá dáhùn òótọ́, àpáta ti gbà á lọ́mọ nìyẹn. Bó bá sì tún padà débẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, á tún bi í. Ẹni tí kò bá débẹ̀ títí tó fi kú, àlejò ni wọ́n ń pè é níbi ìsìnkú rẹ̀, wọn kì í ka orúkọ rẹ̀ mọ́ ìran bàbá rẹ̀. Wọn kì í sì í gbé èèyàn lọ síbẹ̀. Ẹrù ni àwọn baba ńlá wa gbé débẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì gbé débẹ̀, ẹrù ni àpáta kà á sí, kò ní bá a sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà kan ṣoṣo la mọ̀ nígbà náà, ó dúró gangan bí àkàbà. Mo sáré gùn ún nígbà èwe mi, n kò tilẹ̀ mí hẹlẹ. Àwẹ̀ró ìyàwó mi ní tirẹ̀ ń sọ pé òun ń bọ̀, òun ń bọ̀, títí àìsàn kan fi kọlu ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn tó bí Ìyíọlá, àkọ́bí wa. Láti ìgbà yẹn, orí pákó kan tí káfíńtà kan táyà igi mọ́ nídìí ló ń jókòó, ọwọ́ ló sì fi ń ti ara rẹ̀ kiri ìlú. Kò sí ibi tí kò lọ, àfi orí òkè yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n sì pè é ní àlejò lójú gbogbo wa, Àwẹ̀ró délé, kò jẹun.

“Bàbá Ìyíọlá,” ó ní, “ṣé bí wọ́n ṣe máa pe èmi náà nìyẹn? Èmi tí wọ́n bí sídìí odi yìí?”

“Ìyá Ìyíọlá, má sunkún mọ́,” mo ní. “Ṣé èmi kọ́ ni ọkọ rẹ ni? Màá wá ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ rẹ lè gbà dókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín ni màá fi gbẹ́ ẹ.”

Ó nu ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ ìlérí tí mo ṣe, àbí ẹ ò gbọ́? Ẹ bá mi fi í sọ́kàn, nítorí kò pẹ́ tí èmi fúnra mi fi gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gba ààfin Baálẹ̀ lọ. Ta ni mo bá níbẹ̀? Láníyọnu! Ó ti dọ̀bálẹ̀ ṣáájú mi, ó ti sọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, Baálẹ̀ sì ti ń súre fún un. Láníyọnu tí ẹfọ̀n fọ́ lẹ́sẹ̀, tó ń tiro kiri! Mo ní kí wọ́n súre fún èmi náà.

Baálẹ̀ ní, “Láníyọnu ló máa ṣíwájú. Àwọn tí ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ le á máa tẹ̀ lé ewé tó bá fi ṣàmì bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìwọ Ọdẹ́jìnmí, bá wọn lọ, kí o máa ran àwọn tó bá rẹ̀ lọ́wọ́.”

“Baálẹ̀, kí èmi Ọdẹ́jìnmí máa bọ̀ lẹ́yìn Láníyọnu?”

“Ẹ̀yìn àwọn tó rẹ̀ ni mo ní kí o wà.”

Ara mi gbóná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹ lè bá mi bínú: kí n tó fẹ́ Àwẹ̀ró, Láníyọnu ti gbé itan ìgalà lọ sílé bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ ẹran, èmi ló fún lọ́mọ, àmọ́ láti ìgbà yẹn n kì í rí ìgalà kínú mi má ru. Òun náà ni yóò tún wá la ọ̀nà fún ìyàwó mi? Kí Àwẹ̀ró dórí àpáta, kí àpáta bi í pé ta ló mú un wá, kó sì là á mọ́lẹ̀ pé Láníyọnu ni? Lójú gbogbo ìlú? Mo ní láéláé. Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo fi àwọn tó ń múra sílẹ̀, mo bẹ́ sínú igbó.

Àwa ọdẹ ní àṣà kan. Ẹni tó bá ṣíwájú, tó dé oríta, á já ewé tútù, á fi dí ẹnu ọ̀nà tí kò dára, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà gbà á. Ewé tútù lójú ọ̀nà, má gba ibí ni. Kò sí ọdẹ tó jẹ́ fi ewé purọ́, ìyá rẹ̀ ìbáà jẹ́ olè. Ní oríta àkọ́kọ́, mo bá ewé tútù lẹ́nu ọ̀nà apá ọ̀tún, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ẹ wo bí orí mi ṣe ṣiṣẹ́. Mo ní, “Áà! Láníyọnu ti rí ọ̀nà tó dára, ó wá fi ewé dí i mọ́ mi.” Mo fo ewé náà kọjá, mo ń rẹ́rìn-ín ẹ̀rín ọlọ́gbọ́n.

Ìlú àwọn Afẹ̀yìnrìn ni mo já sí. Ẹ̀yin èèyàn mi, tọmọdé tàgbà ìlú yẹn, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń rìn. Wọ́n ń wo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, kó má baà kọjá wọn. Ibi tí wọ́n ti ń wò ó ni wọ́n ti ń jìn sínú kànga, bí ẹnì kan bá sì jìn, àwọn yòókù á pàtẹ́wọ́, àwọn náà á jìn tẹ̀ lé e. Tọkọtaya kì í jẹun tán níbẹ̀, nítorí kálukú ń wo ẹran inú àwo ẹnì kejì títí ọbẹ̀ á fi tutù. Ọba wọn kẹ̀yìn sí mi lórí ìtẹ́, dígí ló fi ń wò mí. Eyín rẹ̀ ti jẹ dé ìdí, nítorí tọ̀sán tòru ló ń pa á keke.

“Àlejò,” ó ní, “mo fẹ́ pàlọ́ kan fún ọ. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, kànga ni ilé rẹ. Ẹrù wo ni kò sí lórí ẹni, tó sì ń dunni lọ́rùn?”

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti sùn sí kànga nítorí àlọ́ yìí, wọ́n fi eegun wọn hàn mí. Ṣùgbọ́n èmi ọmọ ọdẹ, n kò tilẹ̀ yún orí.

“Kábíyèsí,” mo ní, “ẹrù tó wà lórí ẹlòmíràn ni.”

Ìlú hó yèè! Ọba jù dígí nù, ó yíjú padà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti gorí oyè. “Ọmọ wa ni!” ó kígbe. “Ọmọ wa tó sọnù ló padà wálé yìí!” Wọ́n dé adé fún mi, wọ́n kọ ojú adé náà sẹ́yìn, wọ́n fún mi ní ilé tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ilé aládùúgbò nìkan. N kò ní purọ́, inú mi dùn díẹ̀. N kò tíì dé ìlú tí wọ́n ti tètè mọyì mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Àfi bí mo ṣe rántí pé bí mo ṣe jókòó yìí, Láníyọnu ń tiro lọ. Mo dìde fùú, mo sá jáde. Wọ́n gbá tẹ̀ lé mi, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń lé mi, wọ́n ń ṣubú lu ara wọn bí àgbàdo tó bọ́ nínú àpò.

Mo dé oríta kejì. Ewé tútù tún wà lẹ́nu ọ̀nà, apá òsì ni lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀ ń mi orí, ẹ lérò pé mo ti kọ́gbọ́n. N kò kọ́ ọ. Mo ní ti àkọ́kọ́ yẹn, ó dí i kí n lè rò pé irọ́ ni. Èyí gan-an ni ọ̀nà tó fi pamọ́. Mo fò ó kọjá, ó sì yí mi po títí ó fi dà mí padà sójú ọ̀nà tí mo yà kúrò.

Àárín igbó ni mo ti bá obìnrin mẹ́ta tí wọ́n jókòó sórí gbòǹgbò igi, wọ́n ń di irun ara wọn, wọ́n sì ń fa irun náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyàwó Odi ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orogún ara wọn. Ọ̀kan ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, òun ni Ọ̀nà Gíga tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ń kán omi nídìí aṣọ, Ọ̀nà Odò ni. Ìkẹta sanra, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ, Ọ̀nà Yàrà nìyẹn, nítorí inú yàrà àtijọ́ ló sùn sí. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀nà lè di èèyàn, ṣùgbọ́n ojú ọdẹ ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

“Ta lo fẹ́ nínú wa?” wọ́n bi mí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí etí Ọ̀nà Odò, mo ní òun ló rẹwà jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ti Ọ̀nà Gíga, mo sọ ohun kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ilé olórogún rí mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Wọ́n gbọ́ ara wọn! Ọ̀nà Odò dìde, ó ká ara rẹ̀ bí ẹní, ó ki ara rẹ̀ bọ abíyá, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo yíjú sí Ọ̀nà Yàrà pẹ̀lú ẹ̀rín.

“Má yọ ara rẹ lẹ́nu,” ó ní. “Ọkùnrin kan tó ń tiro ti gba ọ̀dọ̀ mi kọjá láàárọ̀. Kò yìn mí rárá. Ó ní obìnrin kan ń bọ̀ tí ọwọ́ ló fi ń rìn, ó bi mí bóyá mo lè rọra. Mo bá a na ara mi sílẹ̀ dáadáa, mo fa ikùn mi wọlé, mo ti àwọn òkúta mi sí ẹ̀gbẹ́. Kò sí ẹni tó bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀ rí.”

Owú gbá mi láyà mú. Tẹ́lẹ̀, ọ̀nà ni mo rò pé Láníyọnu ń wá. Àṣé ó ti lọ sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ ìyàwó mi fún ìyàwó onílé! Ó ti ń wo ọwọ́ rẹ̀ láti ìgbà wo? Kò wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí èmi náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ní kí Ọ̀nà Yàrà máa bá tirẹ̀ lọ, mo gba ọ̀dọ̀ Ọ̀nà Gíga.

“Gùn mí,” ó ní, “ṣùgbọ́n n kì í fẹ́ kí ẹni tó ń gùn mí máa yin ara rẹ̀. Bó bá ti yin ara rẹ̀, màá ga sí i.”

Ìyà tó jẹ mí lórí òkè yẹn, kò sí ọdẹ tó jẹ irú rẹ̀ rí. Kì í ṣe òkè ló le o, ẹnu mi ni! Mo gun díẹ̀, mo ní, “Ta ni ìbá lè gun ibí bí kò ṣe èmi?” Òkè rọ́ sókè, mo tún bá ara mi nísàlẹ̀. Mo tún gùn ún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé bí akọni, ó ka ìyẹn náà mọ́ ìyìn. Níkẹyìn mo já ewé, mo dì í sẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gùn ún tán, tí itọ́ ewé ń ṣàn lágbọ̀n mi. Mo dé orí òkè, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Mo ti kọ́kọ́ dé! Mo tu ewé dànù, mo na ọwọ́, mo gbé e lé Àpáta Ìsinmi pàá.

Ohùn kan jáde láti inú ilẹ̀, ohùn ìyá arúgbó tí kò kánjú.

“Ta ló mú ọ wá?”

“Ẹsẹ̀ mi ni!”

“Irọ́ ni.”

Mo fẹ́ fa ọwọ́ mi kúrò. Kò kúrò. Ó ti lẹ̀ mọ́ àpáta. Mo ní ìbọn mi ni, mo ní oògùn mi ni, mo ní Baálẹ̀ ni, mo tilẹ̀ dárúkọ bàbá mi tó ti kú. Irọ́ ni, irọ́ ni, irọ́ ni. Oòrùn mú mi lórí, aláǹgbá kan jókòó tì mí, ó ń mi orí sí mi.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ìró táyà igi lórí ilẹ̀ líle. Láníyọnu ló kọ́kọ́ yọ lójú ọ̀nà, ó ń tiro, ewé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Àwẹ̀ró, eruku bo gbogbo ojú rẹ̀, ó ti fi awọ di àtẹ́lẹwọ́. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e: ìyá afọ́jú kan pẹ̀lú ọ̀pá, aboyún kan, àti bàbá arúgbó tó ń sinmi lẹ́yìn ìṣísẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo wọn rí mi bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ àpáta, wọ́n kí mi.

Ìyá afọ́jú gbé ọwọ́ lé àpáta, ó ní ọ̀pá òun ló mú òun wá. Aboyún ní ọmọ inú òun ni, kò jẹ́ kóun sinmi nílé. Bàbá arúgbó ní ìtìjú ni, nítorí àwọn ẹgbẹ́ òun ti lọ tán. Àpáta ní òótọ́ ni, ó gbà wọ́n. Ó wá kan Àwẹ̀ró. Ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó tú awọ kúrò lọ́wọ́. Mo ń wo ẹnu rẹ̀.

“Ta ló mú ọ wá?”

“Ọwọ́ mi méjèèjì ni,” Àwẹ̀ró ní.

“Òótọ́ ni. Káàbọ̀, ọmọ mi.”

Àwẹ̀ró bú sẹ́kún, gbogbo wọn ń dì mọ́ ọn, wọ́n ń pè é lóríkì ìran bàbá rẹ̀. Èmi náà ìbá dì mọ́ ọn bí kò bá ṣe ọwọ́ mi. Ayọ̀ mi pọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ohun tó jẹ́ kó pọ̀ jù ni pé kò dárúkọ Láníyọnu. Àfi bí ọkùnrin yẹn náà ṣe sún mọ́ àpáta.

“Ta ló mú ọ wá?”

“Àwẹ̀ró ni,” Láníyọnu ní.

Mo ní kí ni! Mo fẹ́ bẹ́ mọ́ ọn, apá mi fẹ́ẹ̀ yọ léjìká.

“Má bínú, Ọdẹ́jìnmí,” ó ní. “Ibi tí yàrà ti yí sápá òkè, ẹsẹ̀ mi kú mọ́ mi lára. Mo jókòó, mo ní kí n padà sílé. Mo wá gbọ́ ìró táyà rẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Ṣé kí n jókòó kó wá bá mi ni?”

“Òótọ́ ni,” àpáta ní, ó fi í sílẹ̀.

Ó wá ku èmi nìkan. Gbogbo wọn jókòó yí mi ká, wọ́n ń jẹ ẹ̀wà díndín, wọ́n ń wò mí.

“Bàbá Ìyíọlá,” Àwẹ̀ró ní, “sọ òótọ́ kó tú ọ sílẹ̀.”

Mo wo inú ara mi. Mo bi ara mi pé bí Láníyọnu bá jókòó sílé lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹsẹ̀ mi á yára tó bẹ́ẹ̀? Ta ni mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti oríta dé oríta? Orúkọ náà dé ọ̀nà ọ̀fun mi, ó korò ju ewé tí mo dì sẹ́nu lọ.

“Láníyọnu ni,” mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Sọ ọ́ sókè.”

“Láníyọnu ló mú mi wá!”

“Òótọ́ ni.” Ọwọ́ mi tú, mo fi ìdí jókòó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí aboyún fi di inú mú.

Ọ̀nà Yàrà la gbà sọ̀kalẹ̀. Mo ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ Àwẹ̀ró. Nígbà tí odi yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ó dáwọ́ dúró.

“Bàbá Ìyíọlá, mo rò pé orúkọ mi lo máa pè.”

“Kí lo wí?”

“Nígbà tí àpáta bi ọ́. O ní wàá fi eyín gbẹ́ ọ̀nà fún mi. Mo rò pé nítorí mi lo ṣe kúrò nílé.”

Ó tún ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ síwájú. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ìyà orí òkè lọ.

Láti ìgbà yẹn, ọdọọdún la ń padà lọ síbẹ̀, ẹ̀yin àlejò náà sì ti ń bá wa lọ. Orúnkún mi ò dára mọ́, Ọ̀nà Yàrà lèmi náà ń gbà báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìró omi, kó bá Ọ̀nà Odò lọ, inú rẹ̀ ti rọ̀, ó ti padà wá. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le, Ọ̀nà Gíga wà, àmọ́ kó dákẹ́. Ibi tí ẹ bá ti bá ewé tútù, ẹ má gba ibẹ̀, Àwẹ̀ró ló já a. Òun ló ń ṣíwájú wa báyìí, ó ti gbéra kí ẹ tó dé. Ọdọọdún ni mo ń gbé ọwọ́ lé àpáta, tí mo ń sọ pé, “Àwẹ̀ró ló mú mi wá.” Àpáta á ní irọ́ ni. Màá tún wá dárúkọ ọkùnrin yẹn kí n tó ráyè relé. Ṣùgbọ́n tọdún yìí á yàtọ̀. Mo ti bá ọkàn mi sọ ọ́. Ìyàwó mi nìkan ni mo máa rò lójú ọ̀nà, jẹ́jẹ́ ni mo sì máa rìn, n kò ní wo ẹ̀yìn ẹnì kankan. Ibi tí ẹnu mi lè gbé ìtàn dé nìyí, ẹsẹ̀ yín ni kó gbé ìyókù.

Ẹ sinmi díẹ̀ sí i, kò sí ìkánjú. Ìwọ tí o kọjú sọ́hùn-ún, kí lò ń wò? Láníyọnu ti dìde? Ó ti gba ẹnu ibodè jáde? Ṣé ó ti fẹ́ bá kẹ̀kẹ́ Àwẹ̀ró? Ẹ dìde! Ẹ gbé báàgì yín, ẹ fún mi ní ọ̀pá mi, ẹ jẹ́ ká tètè máa lọ, kó má baà débẹ̀ ṣáájú mi!